Ohun Tó Ń Fa Ọmọbìnrin Mọ́ Géèmù

Ọmọbìnrin ń gbá géèmù. Òótọ́ yìí ló yẹ kó ṣáájú, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà ń sọ lórí ọ̀ràn yìí ló máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé wọn kì í gbá a. Lọ́dún 2008, àjọ ìwádìí Pew ní Amẹ́ríkà bi àwọn ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 12 sí 17 léèrè bóyá wọ́n máa ń gbá géèmù, ìbáà ṣe lórí kọ̀ǹpútà, lórí fóònù tàbí lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣàn. Ọmọkùnrin 99 nínú 100 ló dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ọmọbìnrin kò jìnnà sí wọn: 94 nínú 100. Nínú ìwádìí mìíràn tí àjọ kan náà gbé jáde lọ́dún 2024, ti ọmọkùnrin ṣì jẹ́ 97 nínú 100, ṣùgbọ́n ti ọmọbìnrin ti wálẹ̀ sí 73. Àlàfo tó tún fẹ̀ ju èyí lọ wà nínú ohun tí àwọn ọmọ náà ń pe ara wọn. Ọmọkùnrin 62 nínú 100 ló ka ara wọn sí géémà, ìyẹn ẹni tí géèmù jẹ́ ara ohun tí a fi ń dá a mọ̀. Nínú 100 ọmọbìnrin, 17 péré ni.

Ọmọ tó ń gbá géèmù déédéé, tí kò sì ka ara rẹ̀ mọ́ àwọn tó ni ín, kò ṣaláìnífẹ̀ẹ́ sí eré náà. Ohun tó yí eré náà ká ni kò bá a lára mu. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe géèmù tí ọmọbìnrin yóò gbà tọwọ́ tẹsẹ̀ ní láti kọ́kọ́ mọ bí eré tí tọkùnrin tobìnrin jọ bẹ̀rẹ̀ ṣe di ti ẹnì kan.

Bí géèmù ṣe di ti ọmọkùnrin

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Atari gbé Pong jáde lọ́dún 1972, ilé ọtí ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ náà sí, àtọkùnrin àtobìnrin ló sì ń ju owó ẹyọ sínú rẹ̀. Ní Jàpáànì, ìbọn yíyìn àti ogun ojú sánmà ló gba ọjà náà kan ní ìparí àwọn ọdún 1970, ọkùnrin ló sì kún àwọn ibi tí wọ́n ti ń gbá géèmù. Toru Iwatani, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Namco, kíyè sí èyí. Ó pinnu láti ṣe géèmù tí obìnrin yóò fẹ́ gbá, tí ọkùnrin àti obìnrin tó ń fẹ́ra wọn yóò lè jọ wá ṣe. Jíjẹ ló gbé iṣẹ́ náà kà: ẹnu róbótó kan tó ń rìn káàkiri, tó ń jẹ ohun gbogbo tó bá pàdé lọ́nà. Ó fún àwọn iwin tó ń lé e ní ojú ńláńlá àti àwọ̀ tó dùn ún wò, kí wọ́n má baà dẹ́rù bani. Pac-Man nìyẹn, tó jáde lọ́dún 1980, tó sì di ọ̀kan nínú àwọn géèmù tó pa owó jù lọ láyé. Iwatani kò kùn ún ní píńkì, kò sì fi òdòdó sí i lára. Iṣẹ́ tí ọwọ́ ẹni tó ń gbá a yóò máa ṣe ló yí padà.

Obìnrin wà nídìí iṣẹ́ ṣíṣe géèmù náà pẹ̀lú. Roberta Williams àti ọkọ rẹ̀ Ken ló ṣe Mystery House ní California lọ́dún 1980. Roberta ló ro ìtàn rẹ̀ tó sì ya àwòrán rẹ̀, géèmù náà sì wà lára àwọn géèmù ìtàn àkọ́kọ́ tó ní àwòrán. Dona Bailey jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ṣe Centipede fún Atari. Carol Shaw kọ River Raid fún Activision lọ́dún 1982. Lọ́dún yẹn kan náà, Ms. Pac-Man, Pac-Man tó di obìnrin, gba gbogbo ìgboro Amẹ́ríkà.

Ọdún 1983 ni nǹkan dàrú. Ọjà géèmù ní Amẹ́ríkà wó lulẹ̀ débi pé àwọn onílé ìtajà kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ mọ́. Nígbà tí Nintendo gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ wọ ibẹ̀ láti Jàpáànì lọ́dún 1985, ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọ́n tà á bí ohun ìṣeré ọmọdé, wọ́n tilẹ̀ fi róbọ́ọ̀tì kékeré kan kún un. Ọgbọ́n náà jẹ. Ṣùgbọ́n ilé ìtajà ohun ìṣeré ti pín sí méjì kí géèmù tó dé ibẹ̀: pẹpẹ ọmọkùnrin lọ́tọ̀, pẹpẹ ọmọbìnrin lọ́tọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ti ọmọkùnrin ni ẹ̀rọ náà bọ́ sí. Láti ìgbà náà, ọmọkùnrin ni ìpolówó ń bá sọ̀rọ̀, òun ni ìwé ìròyìn géèmù ń kọ̀wé sí, òun náà sì ni àwọn tó ń ṣe géèmù ń ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣe òmíràn. Game Boy ni wọ́n sọ ẹ̀rọ ìfọwọ́mú tó dé lọ́dún 1989. Kò sí ẹni tó ṣòfin pé kí ọmọbìnrin má gbá a. Wọ́n kàn dẹ́kun pípè é sí i ni, ọmọ ogún ọdún lẹ́yìn náà sì gbà pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Jane Margolis àti Allan Fisher, tí wọ́n ṣèwádìí láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní àwọn ọdún 1990, ń gbọ́ ìtàn kan náà lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn: òbí ra kọ̀ǹpútà sílé, ó di ti ọmọkùnrin, ọmọbìnrin sì ń tọrọ àyè kó tó fọwọ́ kàn án. Ní Amẹ́ríkà, obìnrin tó nǹkan bí 37 nínú 100 àwọn tó ń gboyè nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní àárín àwọn ọdún 1980. Lẹ́yìn ìgbà náà, iye wọn ń lọ sílẹ̀ ṣáá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Géèmù nìkan kọ́ ló fà á, àmọ́ ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀, nítorí géèmù ni ilẹ̀kùn tí ọ̀pọ̀ ọmọ gbà wọlé tọ kọ̀ǹpútà.

Barbie àti Purple Moon

Ní àárín àwọn ọdún 1990, àwọn kan ní Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ obìnrin, pinnu láti ṣe géèmù fún ọmọbìnrin ní tààràtà. Àwọn tó ń gbé géèmù sọ́jà ń sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tí yóò rà á. Lọ́dún 1996, Mattel, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọmọláńgidi Barbie, gbé Barbie Fashion Designer jáde, ó sì ta ju 500,000 lọ láàárín oṣù méjì àkọ́kọ́.

Ẹnu yá láti sọ pé orúkọ Barbie ló tà á. Ṣùgbọ́n géèmù Barbie ti wà ṣáájú rẹ̀ tí kò rí tà tó bẹ́ẹ̀. Kaveri Subrahmanyam àti Patricia Greenfield, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìdàgbàsókè ọmọ, wá ìdí rẹ̀ lọ sínú ohun tí ọmọ ń fi géèmù náà ṣe. Ọmọ á yan irú aṣọ tó wù ú, á fi àwọ̀ àti ọnà sí i lójú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà, á tẹ̀ ẹ́ jáde sórí aṣọ tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè gbà, á gé e, á lẹ̀ ẹ́ pọ̀, á sì wọ̀ ọ́ fún ọmọláńgidi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà di irinṣẹ́ fún eré tí ọmọ náà ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀, nǹkan tó jáde níbẹ̀ sì ṣeé mú lọ fi han ọ̀rẹ́. Ẹni tó bá rò pé píńkì ló tà á kò wo ibi tí iṣẹ́ wà.

Ọ̀nà mìíràn ni Brenda Laurel gbà. Ó ti ṣiṣẹ́ ní Atari rí kó tó lọ sí Interval Research, ilé ìwádìí kan ní Palo Alto tí Paul Allen, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá Microsoft sílẹ̀, ń náwó sí. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ti àwọn ọmọ tí iye wọn lé ní 1,000, lọ́kùnrin lóbìnrin, wọ́n ń bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣeré, ohun tó wù wọ́n àti ohun tó sú wọn. Ìdáhùn àwọn ọmọbìnrin yàtọ̀ sí èyí tí àwọn àgbà ń retí. Ìwà ipá kọ́ ni olórí ẹ̀sùn wọn. Wọ́n ní géèmù tó wà nílẹ̀ kò dùn: àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ kò níwà, ìtàn rẹ̀ kò nítumọ̀. Ohun tó ká wọn lára ni ọ̀rọ̀ àárín ènìyàn: ẹni tó jẹ́ ọ̀rẹ́, ẹni tó dalẹ̀, bí ọmọ tuntun ṣe ń rí àyè láàárín ẹgbẹ́.

Inú ìwádìí yẹn ni ilé-iṣẹ́ Purple Moon ti jáde lọ́dún 1996. Nínú géèmù rẹ̀, Rockett's New School, tó dé ọjà lọ́dún 1997, ọmọbìnrin kan tó wà ní kíláàsì kẹjọ dé ilé-ìwé tuntun. Ẹni tó ń gbá a ló ń yan ohun tí Rockett yóò rò lọ́kàn àti bó ṣe máa dá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lóhùn, ó sì lè padà sẹ́yìn láti wo ohun tí ìdáhùn mìíràn ìbá dá sílẹ̀. Ọmọ ń fi géèmù náà dán ọ̀rọ̀ wò kó tó lọ sọ ọ́ níta. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré fún ọmọ ọdún 11 tàbí 12, ọjọ́ orí tí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ti ń dunni bí egbò. Síbẹ̀, Purple Moon kò pẹ́ láyé. Wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1999, Mattel sì ra ohun tó kù.

Àwọn mìíràn dúró pẹ́ jù ú lọ. Her Interactive bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìwé Nancy Drew, ọmọbìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, di géèmù lọ́dún 1998, ó sì ti ṣe ju 30 lọ láti ìgbà náà. Àlọ́ àti àdììtú ló kún inú wọn. Ọmọ á wá ẹ̀rí, á bi ènìyàn léèrè ọ̀rọ̀, á so ó pọ̀.

Lọ́dún 1998, Justine Cassell àti Henry Jenkins kó èrò àwọn ènìyàn lórí gbogbo èyí jọ sínú ìwé From Barbie to Mortal Kombat. Àríyànjiyàn tó wà nínú rẹ̀ kò tíì tán. Apá kan ní kí a ṣe ohun tí ọmọbìnrin ń fẹ́ báyìí, kí wọ́n lè wọlé ná. Apá kejì ní bí a bá yọ pẹpẹ píńkì kan sọ́tọ̀, a ti sọ fún ọmọbìnrin pé ìyókù ilé ìtajà kì í ṣe tirẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọmọbìnrin kan sì wà tí wọ́n ń gbá géèmù ìbọn bíi Quake pẹ̀lú ìdùnnú, tí inú ń bí pé àwọn àgbà ń sọ ohun tí obìnrin fẹ́ láìbi wọ́n. Apá kejì ló sún mọ́ òtítọ́ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láìsí iṣẹ́ apá kìíní, kò sẹ́ni tí ì bá gbà pé owó wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Géèmù tí wọ́n bá ṣe fún "ọmọbìnrin" lápapọ̀ máa ń jẹ́ fún ọmọbìnrin kan tí àwọn àgbà fojú inú rò.

Ilé tó jóná

Lọ́dún 1991, iná ńlá kan jó àwọn òkè tó yí Oakland ká ní California, ilé Will Wright, ẹni tó ń ṣe géèmù, sì wà lára èyí tó jóná. Nígbà tó ń tún ayé rẹ̀ tò, tó ń ronú ohun tí ènìyàn nílò nínú ilé àti ìdí tó fi nílò rẹ̀, èrò géèmù kan sọ sí i lọ́kàn. Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kò kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́: ta ni yóò gbá géèmù tí wọ́n ti ń kọ́lé, tí wọ́n ń ra àga, tí wọ́n ń rán ènìyàn lọ wẹ̀? Ilé ọmọláńgidi ni wọ́n ń pè é, ilé ọmọláńgidi sì jẹ́ eré ọmọbìnrin. The Sims jáde lọ́dún 2000. Nígbà tó fi máa di ọdún 2002, ó ti kọjá géèmù Myst, ó sì di géèmù kọ̀ǹpútà tó tà jù lọ títí di ìgbà náà. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń gbá a ló jẹ́ obìnrin.

Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí lára páálí rẹ̀ pé ti ọmọbìnrin ni. Kò sí ogun tí a gbọ́dọ̀ ṣẹ́, kò sì sí òpin. Ẹni tó ń gbá a ló ń yan ohun tó fẹ́ lé bá: ẹnì kan ń kọ́ ilé aláràbarà, ẹnì kan ń tọ́ ìdílé dé ìran kẹta, ẹnì kan ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọkọ àti aya láti wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ọmọkùnrin tó fẹ́ràn kíkọ́ nǹkan rí tirẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn obìnrin wà láàárín àwọn tó ṣe géèmù náà, ó sì hàn nínú rẹ̀: àwọn ẹ̀dá obìnrin inú rẹ̀ ní iṣẹ́, ìbínú, ìfẹ́ àti ọ̀lẹ bíi ti ẹnikẹ́ni.

Ohun kan wà tó pẹ́ kó tó dé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọmọ aláwọ̀ dúdú tó bá fẹ́ ṣe ẹ̀dá tó jọ ọ́ nínú The Sims kì í rí àwọ̀ ara tó bá tirẹ̀ mu dáadáa, irun tó wà níbẹ̀ kò sì jọ irun rẹ̀. Àwọn tó ń gbá a fúnra wọn ló ń ṣe àwọ̀ àti irun, tí wọ́n sì ń pín in fún ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ilé-iṣẹ́ náà tó fi àwọ̀ ara tó ju 100 lọ kún The Sims 4 ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Fún ọmọbìnrin tó ń dirun ní Ìbàdàn tàbí ní Peckham ní London, ọ̀rọ̀ "géèmù fún ọmọbìnrin" kò pé bí kò bá lè rí ṣùkú lórí ẹ̀dá tó pè ní ara rẹ̀.

Ọmọ, idà àti ìdá

Àwọn onímọ̀ ti ń dán ọ̀ràn yìí wò ní kíláàsì láti ìgbà pípẹ́. Thomas Malone mú géèmù kan tó ń kọ́ ọmọ ní ìdá nínú ìṣirò. Ọmọ á fojú wọn ibi tí nọ́ńbà kan yóò wà lórí ìlà, ọfà á sì lọ bẹ́ bàlúù tó wà níbẹ̀. Ó ṣe é ní oríṣiríṣi, ó ń yọ nǹkan kan kúrò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tó ń fa ọmọ. Èsì tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1981 fi hàn pé ọfà àti bàlúù ló ń dùn mọ́ àwọn ọmọkùnrin, òun kan náà ló sì ń lé àwọn ọmọbìnrin sẹ́yìn. Ìṣirò náà kò yí padà rárá. Aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un ni.

Yasmin Kafai lọ sí ìhà kejì ọ̀ràn náà. Ó ní kí àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Boston fúnra wọn ṣe géèmù tí yóò kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìdá. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù àwọn ọmọkùnrin, ìdájọ́ ìdáhùn tí kò tọ̀nà jẹ́ ikú: idà, bọ́ǹbù, kí wọ́n sọ ẹ̀dá náà sínú ihò. Àwọn ọmọbìnrin máa ń gbé tiwọn sí ibi tí wọ́n mọ̀, wọ́n sì ń jẹ́ kí ẹni tó ṣi ìdáhùn gbìyànjú sí i. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò ní ohun tí Ọlọ́run fi sínú ọmọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Kafai tún un ṣe pẹ̀lú géèmù lórí ìmọ̀ oòrùn àti àwọn ayé tó yí i ká, ìyàtọ̀ àárín tọkùnrin tobìnrin dín kù gan-an. Ọ̀pọ̀ ohun tí à ń pè ní ìfẹ́ àdámọ́ ló jẹ́ ti ibi tí a gbé ọmọ sí àti iṣẹ́ tí a fi rán an.

Èrò kan tó yẹ kí a fi èyí wò ni pé ọmọbìnrin kò fẹ́ràn ìdíje. Ẹni tó bá ti dúró wo àwọn ọmọbìnrin níbi tí wọ́n ti ń ta tẹ́ńtẹ́ń tàbí súwè ní àgbàlá ilé-ìwé ní ilẹ̀ Yorùbá kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń ka àmì, wọ́n ń jiyàn lórí ẹsẹ̀ tó tẹ ìlà, ẹni tí wọ́n bá sì jẹ kì í gbàgbé. Ṣùgbọ́n orin wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ ń pàtẹ́wọ́, ẹni tó kùnà á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó tó tún kàn án. Ìdíje tó wà láàárín ẹgbẹ́ tó mọ ara wọn yàtọ̀ sí ìdíje pẹ̀lú àjèjì tó ń búni.

Ibi tí iṣẹ́ wà fún ẹni tó ń ṣe géèmù

Ẹ̀dá inú géèmù ni ojú kọ́kọ́ ń rí. Nínú ìwádìí tí Dmitri Williams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde lọ́dún 2009, wọ́n ka àwọn ẹ̀dá tó wà nínú géèmù 150. Obìnrin kò ju nǹkan bí 15 nínú 100 lọ. Fífi obìnrin kún un kò sì tó bí ó bá jẹ́ pé fún ojú ọkùnrin ni wọ́n ṣe dá a. Lára Lara Croft, olú ẹ̀dá ìtàn Tomb Raider tó jáde lọ́dún 1996, ni èyí ti hàn jù: obìnrin tó gbọ́n, tó láyà, tó ń gun òkè, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé àyà àti itan rẹ̀ ni ìpolówó ń tà. Nígbà tí wọ́n tún ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2013, tí Rhianna Pratchett jẹ́ olórí àwọn tó kọ ọ́, Lara di ọ̀dọ́bìnrin tó wọ aṣọ ìrìn-àjò, tí ẹ̀rù ń bà tó sì ń lọ síwájú. Géèmù náà ṣì kún fún ogun, ó sì tà gan-an.

Ìbẹ̀rẹ̀ géèmù ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Sheri Graner Ray, tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan lọ́dún 2004 lórí bí géèmù ṣe lè gba tọkùnrin tobìnrin. Ó ṣàlàyé pé àwọn kan fẹ́ràn láti máa tẹ bọ́tìnnì káàkiri títí wọn yóò fi mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe; àwọn kan fẹ́ kí wọ́n rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é ná. Géèmù tó bá ju ènìyàn sáàárín ogun láìkọ́ ọ ní nǹkan kan, tó sì pa á ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ti lé àwọn ẹni kejì yìí dànù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni obìnrin, ní pàtàkì nítorí pé wọn kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ tó ti kọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kí ibi ìdánrawò wà tí kò sí ìyà níbẹ̀, kí ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n sì lè fò ó.

Ẹ̀rọ àti àkókò tó wà lọ́wọ́ ọmọ náà ṣe kókó. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Nàìjíríà, ṣọ́ọ̀bù géèmù àdúgbò ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan páàdì, níbi tí wọ́n ti ń sanwó láti gbá bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣàn. Ọmọkùnrin ló ń kún ibẹ̀. Bí ọmọbìnrin bá pẹ́ níbẹ̀, wọ́n á ké sí i láti ilé pé kó wá dáná tàbí kó wá gbé àbúrò rẹ̀, ojú àdúgbò sì ń bẹ lára rẹ̀. Fóònù kò ní ojú àdúgbò. Ìdí nìyẹn tí géèmù orí fóònù fi mú obìnrin wọlé káàkiri ayé, láti orí Candy Crush Saga tó dé lọ́dún 2012. Ẹni tó bá ń ṣe géèmù fún ọmọbìnrin níbí ní láti ṣe èyí tó lè ṣiṣẹ́ lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú, tí kì í jẹ dátà, tó ṣeé gbá fún ìṣẹ́jú márùn-ún, tó sì ṣeé dá dúró láìpàdánù nǹkan kan bí ìyá bá pe ọmọ.

Bí a bá sì so géèmù mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀ràn èébú dé. Nínú géèmù tí àwọn tó ń gbá a ti lè bá ara wọn sọ̀rọ̀, ohùn obìnrin nìkan ti tó láti fa ìsọkúsọ àti ìhàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin ń pa ẹ̀rọ ohùn wọn tàbí kí wọ́n fi orúkọ ọkùnrin bo ara wọn, èyí tó tún ń mú kó dà bíi pé wọn kò sí níbẹ̀. Ọwọ́ àwọn tó ṣe géèmù ni bọ́tìnnì tí a fi ń di ẹnu eléèébú wà, kò yẹ kó farasin. Ó yẹ kí ẹjọ́ tí wọ́n bá fi sùn rí ìdáhùn kíákíá, kí ọmọdé má sì lè gbọ́ ohùn àjèjì àyàfi bí òbí bá ṣí i.

Gbogbo èyí rọrùn fún ilé-iṣẹ́ tó bá ní obìnrin láàárín àwọn tó ń pinnu. Ní Jàpáànì, Keiko Erikawa, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Koei sílẹ̀, kó àwọn obìnrin jọ sí ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Ruby Party, wọ́n sì gbé Angelique jáde lọ́dún 1994. Irú géèmù ìfẹ́ tó ti ibẹ̀ wá ṣì ń tà di òní olónìí. Ní Nintendo, Aya Kyogoku ni olùdarí Animal Crossing: New Horizons tó dé lọ́dún 2020, níbi tí ènìyàn ti ń gbin igi, tó ń pẹja, tó ń ṣe erékùṣù rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, ó ti tà ju 40 mílíọ̀nù lọ. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe géèmù, IGDA, obìnrin kò ju 11.5 nínú 100 lọ lọ́dún 2005, wọ́n sì jẹ́ 22 lọ́dún 2014. Ibi iṣẹ́ náà kò sì ṣe dáadáa sí gbogbo wọn: lọ́dún 2021, Riot Games gbà láti san 100 mílíọ̀nù dọ́là láti parí ẹjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ obìnrin pè lórí ìyàsọ́tọ̀ àti ìfìyàjẹni.

Ohun tó wà lẹ́yìn eré

Kì í ṣe ìgbádùn nìkan ni ọmọbìnrin ń pàdánù bí géèmù kò bá pè é. Agbára láti fojú inú yí nǹkan po, kí ènìyàn mọ bí yóò ṣe rí láti ẹ̀gbẹ́ kejì, wúlò fún ẹnjiníà, dókítà oníṣẹ́ abẹ àti ayàwòrán ilé. Nínú ọ̀pọ̀ ìdánwò, ọkùnrin ló máa ń ṣe dáadáa jù níbẹ̀. Lọ́dún 2007, Jing Feng, Ian Spence àti Jay Pratt ní Yunifásítì Toronto ní kí àwọn ènìyàn tí kì í gbá géèmù gbá géèmù ìbọn kan fún wákàtí 10. Tọkùnrin tobìnrin ló sunwọ̀n sí i, ṣùgbọ́n ti obìnrin ló pọ̀ jù, débi pé àlàfo àárín wọn dín kù gan-an. Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, èrè náà ṣì wà lára wọn. Àwọn tí wọ́n fún ní géèmù mìíràn tí kò gba irú ìfọkànsí bẹ́ẹ̀ kò rí irú èrè yìí. Géèmù tí ilé ìtajà ti yà sọ́tọ̀ fún ọmọkùnrin gan-an ló ṣe obìnrin lóore.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Anesa Hosein ti Yunifásítì Surrey wo àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n tọpa wọn títí wọ́n fi dé yunifásítì, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2019. Àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá géèmù ju wákàtí mẹ́sàn-án lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún 13 sí 14 fi ìlọ́po mẹ́ta ju àwọn tí kì í gbá a lọ nínú lílọ kọ́ físíìsì, ìṣirò, ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí iṣẹ́ ẹnjiníà. Ìwádìí irú èyí kò lè sọ bóyá géèmù ló tì wọ́n síbẹ̀ tàbí ìfẹ́ kan náà ló gbé wọn dé ibi méjèèjì. Fún olùkọ́ tó bá rí ọmọbìnrin tí fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí géèmù, ọ̀nà méjèèjì já sí ibì kan náà: ọmọ yẹn wà lára àwọn tó yẹ kó kọ́kọ́ pè sí kíláàsì kọ̀ǹpútà.